Ìṣẹ́jú Àáyá Méjìlá ní Àpòmù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Othniel fi rán aṣọ àwọn akọrin ìjọ Mátíà Mímọ́ ní Àpòmù. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá péré ló fi da ilé àlùfáà wọn rú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ló lè mọ bí ìṣirò yẹn ṣe dùn ún tó, nítorí ọkùnrin náà kì í fi ohunkóhun ṣòfò. Bí ó bá gé kásọ́ọ̀kì, ẹ̀wù gígùn àwọn akọrin, tán, ìrépé tó ṣẹ́ kù a di ìbòrí bọ́tìnnì. Èyí tó bá kéré ju ìyẹn lọ a di ohun tí yóò fi nu epo ara ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkirè, létí títì tó lọ sí Àpòmù. Láti ibẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, bí kò bá dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Aṣọ ìjọ nìkan ló ń rán. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá fún un láti Gbọ̀ngán àti Wásinmi, àwọn Aládùúrà náà sì ń gbé sùtánà wá. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé. Títí, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan ní kọ̀ǹpútà, ló ń bá a gbé. Títí yìí kan náà ló máa ń gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ọjọ́ Ìsinmi, kí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lájò lè wo ìsìn lórí Fesibúùkù. Wọn kì í ju mọ́kànlélógún lọ. Othniel ti bi í rí pé ṣé dátà tó ń jẹ yẹn tó ohun tí èèyàn mọ́kànlélógún ń wò.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, lérídà ni, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe àlùfáà ṣùgbọ́n tí Bíṣọ́ọ̀bù fún ní ìwé àṣẹ láti máa darí àdúrà. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀. Bàbá yẹn ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní àdúrà inú Ìwé Àdúrà kí wọ́n tó mọ ABD, ó sì ní òfin kan: ẹni tó bá dúró níwájú ìjọ, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì di ojú. Ọmọ tó bá yọjú wo ìwé kò ní rí ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ogójì ọdún ni Othniel ti ń darí àdúrà ní Mátíà Mímọ́, kò yọjú wo ìwé rí.

Ìròyìn ìjọ Áńgílíkà àgbáyé ti ń jà ràn-ìn lórí fóònù láti ọdún tó kọjá. Wọ́n yan obìnrin sí ipò Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Kántábérì ní Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ olórí ìjọ nílẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ò bá a rìn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti obìnrin, pé ẹ̀kọ́ nípa ìgbéyàwó tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún ló da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Àpòmù, àwọn tí wọn ò mọ apá ibi tí Kántábérì wà lórí àwòrán ayé ti ń bínú sí i lórí Wásáàpù láti àárọ̀ dalẹ́. Othniel kò dá sí i. Lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá ń sun dátà sí yẹ kó lérè.

Àlùfáà wọn, Ẹni Ọ̀wọ̀ Olúwapẹ̀lúmi, kò fẹ́ wàhálà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta, ó mú pépà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, àdúrà ọ̀la rèé. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá fún yín. Ibi tí ẹ ti máa ń dárúkọ Kántábérì yẹn, a ti yọ ọ́. Àwọn ìjọ mìíràn ti pa á tì tipẹ́, àwa nìkan ló kù tí a ṣì ń tẹ̀ lé ti Katikíìsì.”

“Kò sí wàhálà, Ẹni Ọ̀wọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó kà. Mo mọ̀ yín.”

“N ó wò ó,” ni Othniel wí, ó sì fi pépà náà sínú Bíbélì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e síwájú ara rẹ̀ lóòótọ́, ó fi gíláàsì sójú, ó ka ìlà méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ dé fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gba ọ̀nà tó ti ń gbà láti kékeré, ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó sì ní kí Olúwa bùkún fún Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Kántábérì, kí ó fún un ní ọgbọ́n àti ẹ̀mí gígùn. Ìjọ dáhùn pé, “Àmín.” Ìgbà náà ló tó la ojú. Kò sí ẹni tó mira. Àlùfáà nìkan ló gbé orí sókè díẹ̀, tó sì tún gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá Othniel lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá, Katikíìsì ti jí pépà mi.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò.

Ọjọ́rú ni Abdulkareem pè é láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Abdulkareem ń tún fóònù ṣe, mùsùlùmí ọmọ Ìkirè ni, ó sì fẹ́ràn láti máa fi Othniel ṣẹ̀fẹ̀.

“Bàbá Lérídà, ẹ wá o. Ẹ ti di gbajúmọ̀, ẹ ò sì fún wa ní nǹkan kan.”

“Kí ni mo tún ṣe?”

“Ẹ wá wo ara yín.”

Lórí ojú fóònù náà, Othniel rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Wọ́n ti gé e mọ́ ibi tó ti ń wúre fún Kántábérì. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni. Ojú ìwé Fesibúùkù kan tó ń jẹ́ “Olùṣọ́ Odi” ló gbé e jáde, wọ́n sì fi àwòrán kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ẹni Ọ̀wọ̀ Olúwapẹ̀lúmi, tó wọ kóòtù òtútù, tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan ní Ìlú Ọba, níbi tó ti kàwé fún ọdún kan. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: “Àpòmù, ta ló ń kọ́ wọn?”

“Àwọn tó ti pín in jẹ́ irinwó ó lé,” ni Abdulkareem wí. “Nígbà tí mo lọ kírun ọ̀sán, igba péré ni.”

Nígbà tó fi máa kí ìrun alásárì tán, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ní ọjọ́ kejì, ó ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti Houston, láti Kàdúná, láti Ọsirélíà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ohun dídùn fọ́ bàbá arúgbó yìí lójú.” Ẹlòmíràn ní, “Kì í ṣe bàbá lẹ máa mú, àlùfáà yẹn ni.” Òyìnbó obìnrin kan ní Ìlú Ọba kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ Àpòmù fún ìgboyà wọn, ó sì fi àwòrán ọkàn mẹ́ta sí i. Ìdúpẹ́ yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi yà á ní àwòrán, tí wọ́n sì ń pín òun náà kiri bí ẹ̀rí.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n bi yín,” ni Abdulkareem wí, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. “Fídíò yín, gbogbo ayé ló lè rí i. Àwòrán àlùfáà ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti rí i?”

Othniel bi Títí.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi í síta, Dádì. Orí Wásáàpù ìjọ ni, nígbà tí wọ́n ń fi ara wọn hàn wá.”

“Àwa mélòó ló wà níbẹ̀?”

“Mẹ́rìnléláàádọ́rin.”

Othniel kò wulẹ̀ ka mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. Olúgbémi, wọ́dìn tó ń bójú tó ohun ìní ìjọ, ọkùnrin ńlá tó ń ta sìmẹ́ǹtì, kò tíì dárí ji àlùfáà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àga ìdílé rẹ̀ kúrò níwájú pẹpẹ, kí àwọn ìyá arúgbó tó ń fi igi rìn lè ráyè kọjá. Láti ayé bàbá Olúgbémi ni àga náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n kàn gbé e sẹ́yìn ìlà mẹ́ta ni. Olúgbémi kò bínú síta. Ó kí àlùfáà tẹ̀rín-tẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn, ó sì ní ohun tó bá wu Ọlọ́run ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹni Ọ̀wọ̀ Olúwapẹ̀lúmi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

“Bàbá, wọ́n ti kọ̀wé sí mi. Bíṣọ́ọ̀bù máa rán Kánọ́ọ̀nù kan, àlùfáà àgbà, àti ìgbìmọ̀ wá sí Ìkirè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n wádìí ohun tí mo ń kọ́ ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá já lé mi lórí, abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè-Ilé ni wọ́n máa gbé mi lọ. Mo ti lọ síbẹ̀ rí. Kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀.”

Othniel gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ìyàwó àlùfáà ló wá sí i lọ́kàn. “Mámá ńkọ́?”

“Oyún rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní oṣù méje. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí wa jáde, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́ yẹn, ọsibítù tó wà nítòsí ló kó wa yọ. Dókítà Ìkirè ti sọ fún wa pé bí ìrọbí eléyìí bá ti mú un báyìí, kí a má ju ìdajì wákàtí lọ lọ́nà.”

“Láti abúlé yẹn wá ńkọ́?”

“Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí kan. Nígbà òjò, ìgbà tí odò bá fàyè gbà wá.”

Othniel wo ilẹ̀, ó wo àwọn ìrépé aṣọ tó wà níbẹ̀. “Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi ni n ó lọ sọ fún wọn pé ẹnu mi ni.”

“Bàbá, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ yín.”

“Kí wọ́n gbà á. Mo mọ̀ ọ́n rán, ebi kò ní pa mí.”

Ọjọ́ náà gan-an ló ní kí Títí ya òun ní fídíò. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ó sọ pé òun fúnra òun ló ṣi ẹnu sọ, pé àlùfáà ti fún òun ní pépà, pé àṣà ilé bàbá òun ni kì í jẹ́ kí òun wo ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yà á kó tó dára. Títí gbé e sórí Fesibúùkù, ó sì fi ránṣẹ́ sí Olùṣọ́ Odi. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, àwọn tó wò ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni méjì kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní “Àmín.” Èkejì ń polówó àgbo tó ń dín ikùn kù.

“Kí ló dé tí wọn ò wo èyí?” ni Othniel bi í.

“Kò sí ìjà nínú rẹ̀, Dádì.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ kóòtù dúdú, ó sì fi Bíbélì sábẹ́ abíyá pẹ̀lú pépà àlùfáà nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jókòó, wọ́n gbé abọ́ ike ńlá kan sí orí àga, wọ́n ní kí gbogbo ẹlẹ́rìí ju fóònù sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ má baà jáde síta. Othniel ju tirẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Ó rò pé níbí, ó kéré tán, ẹnikẹ́ni kò ní lè gé òun.

Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló jókòó. Kánọ́ọ̀nù wà láàárín, onígíláàsì kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Olúgbémi sì wà lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọ. Wọ́n kí Othniel dáadáa, wọ́n fún un ní omi inú ike.

“Bàbá, ta ló kọ́ yín ní àdúrà yẹn?” ni Kánọ́ọ̀nù bi í.

“Bàbá mi ni, sà. Katikíìsì ni.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Wọ́n ti kú, sà. Ó ti di ọdún kọkàndínlógójì.”

Kánọ́ọ̀nù wo ìwé iwájú rẹ̀. “A ò lè fún òkú ní tìráńsífà, bàbá.”

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín. Othniel kò rín. Ó ṣí Bíbélì, ó mú pépà jáde. “Àlùfáà tẹ èyí fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ìsìn tó wáyé. Ẹ wò ó, sà. Kò sí Kántábérì nínú rẹ̀. Òun kọ́ ló ní kí n sọ ọ́, òun gan-an ló ní kí n má sọ ọ́.”

Pépà náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Onígíláàsì yí i wò, ó tún yí i padà. “Kò sí déètì lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.”

“Kánọ́ọ̀nù, ẹ má bínú,” ni Olúgbémi wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń kí aláìsàn. “Bàbá wa ò ní ẹ̀tàn nínú. Èmi mọ̀ wọ́n láti kékeré. Ẹni tí wọ́n ń lò ni wọ́n. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbèjà rẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ló mú Othniel ṣe ohun tó ṣe. Télọ̀ ni. Bí oníbàárà bá ní aṣọ kò bá òun mu, kì í jiyàn, a ní kí ó wọ̀ ọ́ kí gbogbo wọn rí i. Ó dìde.

“Ẹ jẹ́ kí n gbà á fún yín, sà. Ẹ máa rí i pé bí ó ṣe ń jáde nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnì kan ń tì mí. Ẹ fi pépà yẹn síwájú mi. N ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.”

Kánọ́ọ̀nù wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ó dáa, bàbá.”

Othniel ka ìlà àkọ́kọ́. Ní ìlà kẹta, ojú rẹ̀ dé. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń lọ geere, ìjọba, àwọn aláìsàn, àwọn arìnrìn-àjò, lẹ́yìn náà Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Kántábérì, ọgbọ́n, ẹ̀mí gígùn. Ó gbà á tán, ó la ojú. Ó fẹ́ sọ pé, “Ẹ rí i?” Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò wo ojú rẹ̀. Kánọ́ọ̀nù ń kọ nǹkan sílẹ̀. Olúgbémi gbé ọwọ́ kúrò lábẹ́ tábìlì, ó sì fi wọ́n lé orí ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́.

“A ti gbọ́,” ni Kánọ́ọ̀nù wí. “Ẹ máa lọ sílé, bàbá. Ẹ má foyà. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ìwé àṣẹ yín.”

Lẹ́nu ọ̀nà, ó mú fóònù rẹ̀ nínú abọ́. Fóònù mẹ́rin ló kù síbẹ̀, ti àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ṣì ń dúró. Kò rí ti àwọn ìgbìmọ̀. Ó rò ó títí tó fi dé ìdí afárá, kò sì rántí pé òun rí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan tó ju fóònù sí i.

Kò tíì tó aago mẹ́rin nígbà tí Abdulkareem wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò pè é wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù náà wá, ó sì gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ.

Òun ni, nínú kóòtù dúdú, pẹ̀lú ojú dídì. Láti apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yà á, bí ẹni pé tábìlì ló ń wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni. “Ó tún sọ ọ́ lójú ìgbìmọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ́ àlùfáà yìí ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀.” Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti pín in. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ rí ń kí i: “Ẹ ṣé, bàbá, ẹ ti tú àṣírí wọn.”

“Bàbá, ẹ pa fóònù yín,” ni Abdulkareem wí.

Othniel kò pa á. Ó pe àlùfáà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí kan ibi tó ti dìde tó sì gbàdúrà.

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí ẹ gbà á, bàbá?”

“Èmi ni, Ẹni Ọ̀wọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i.”

“Wọ́n rí i, sà,” ni àlùfáà wí.

Ìwé tìráńsífà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún àlùfáà àti ìdílé rẹ̀ láti kó kúrò nílé ìjọ. Iṣẹ́ aṣọ kò sì dín kù lọ́dọ̀ Othniel. Ó tún pọ̀ sí i ni. Ìjọ méjì tí kò mọ̀ rí pè é láti wá wọn àwọn akọrin wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ní Olúgbémi ló júwe rẹ̀ fún àwọn, pé ẹni Ọlọ́run ni. Othniel ní ọwọ́ òun dí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, ó ti dé ilé àlùfáà kí aago méje tó lù. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, àga ike, àti páálí ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ tó wá kò pé márùn-ún. Ó gbé páálí méjì, ó kó ìkòkò. Olúwaṣeunfúnmi, ìyàwó àlùfáà, ń jáde bọ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ ọmọ tuntun ní ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn ìdí. Othniel lọ pàdé rẹ̀, ó na ọwọ́ sí báàgì náà.

“Mámá, mo ti bá Títí sọ ọ́. Yàrá kan ṣófo nílé mi, fèrèsé méjì ló ní. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ọsibítù, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni, mo ti rìn ín wò. Ẹ dúró lọ́dọ̀ wa títí ẹ ó fi bímọ. Kí Ẹni Ọ̀wọ̀ máa lọ máa bọ̀.”

Obìnrin náà wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ni Othniel kò lè gbàgbé. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo iná tó wà nítòsí aṣọ.

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ni ó wí, ó sì yí báàgì náà sí apá kejì, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. “Ẹ ti ṣe tó.”

Ó gun iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìnira. Àlùfáà bọ Othniel lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà yí sí ọ̀nà Ìkirè-Ilé. Títí gbé fóònù sókè bí ẹni fẹ́ yà á, ó rántí, ó sì gbé e sílẹ̀. Othniel dúró síbẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀: wákàtí kan bí ilẹ̀ bá gbẹ, oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, odò kan láàárín. Ìkùukùu ti ṣú láti apá Gbọ̀ngán, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì ti ń bọ́ sórí páànù ilé ìjọ.